Èdè Jàpáàn Ni Mo Ń Kọ́ Nígbà Náà

Mo gbọ́ èdè Jàpáàn. Mo lè kà á, mo lè kọ ọ́ níwọ̀nba, mo sì lè fi kí ènìyàn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Kò sí olùkọ́ tó jókòó tì mí. Èmi nìkan ni mo kọ́ ọ, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ilé adìyẹ lọ ní Ìkòtún, láyé ìgbà tí owó epo rọ̀bì gba ìlú kan. Bí ẹnikẹ́ni bá yìn mí nítorí rẹ̀ lónìí, inú máa ń bí mi, ẹni náà kì í sì í mọ ohun tó ṣe mí.

Rédíò ni mò ń tún ṣe. Nígbà náà, ẹni tí kò ní ju ṣòkòtò méjì lọ ń ra rédíò. Àwọn tó ń kọ́lé ní Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn awakọ̀ tó ń kó iyanrìn, àwọn akọ̀wé tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó oṣù wọn, gbogbo wọn ló gbé rédíò há abíyá. Ará Jàpáàn ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí mo bá tú ìdí rédíò, màá rí ìwé pélébé kan tó ń júwe bí iná ṣe ń rìn nínú rẹ̀, àmọ́ ńṣe ni lẹ́tà rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí eruku. Ó máa ń dùn mí wọra. Mo jáde ìwé mẹ́fà, mo gbọ́ òyìnbó, mo gbọ́ Haúsá díẹ̀ lẹ́nu bàbá mi. Kí ló dé tí ìwé tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń yí rédíò oníbàárà kan kiri láti mọ̀ bóyá ó ti ń mú ilẹ̀ òkèèrè, ni mo bá gbọ́ obìnrin kan tó ń fi òyìnbó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọ́ni ní èdè Jàpáàn. Ó ní ẹni tó bá kọ lẹ́tà sí àwọn, àwọn á fi ìwé ránṣẹ́ sí i. Mo kọ lẹ́tà. Nígbà tí mo ti gbàgbé, ìwé náà dé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kírun àárọ̀ tán, mo ti dé ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, màá máa wí tẹ̀ lé obìnrin náà títí ọ̀fun mi á fi gbẹ. Onílé wa, àgbà Àwórì kan tí kì í jẹ́ kí yẹ̀yẹ́ kọjá òun, a máa yọjú lójú fèrèsé.

"Ọ̀gá Jàpáàn, wọ́n ti jẹun lọ́hùn-ún, àbí wọn ò tíì jẹun?"

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Èdè ni mo fi ń kó oníbàárà: mo ń kí Haúsá ní Haúsá, mo mọ gbólóhùn bíi mẹ́ta tí mo fi ń kí àwọn Ègùn, wọ́n á sì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn kọjá wá sọ́dọ̀ mi. Mo gbà pé èdè kan ò tó ènìyàn. Mo ti lá a lálàá pé èdè Jàpáàn yìí ló máa gbé mi dé ilé iṣẹ́ wọn ní Ìkẹjà, kí n tó ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni ìyá mi máa ń jókòó sí, tí á máa bó ẹ̀gúsí. Tápà ni ìyá mi. Bí gbogbo ayé ṣe ń pè é nìyẹn, láti ọjọ́ tí bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò kiri òkè Ọya, ti mú un wálé. Ìyàwó Tápà ló ń jẹ́ lẹ́nu ẹbí bàbá mi, Ìyá Tápà ló ń jẹ́ ládùúgbò. Yorùbá ló ń bá wa sọ. Ohùn rẹ̀ a máa yà díẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ kan, a sì máa ń sín in jẹ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ará ilé rẹ̀ kankan ò wá wò ó rí, a ò sì gbọ́ èdè rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, ó gbójú sókè sí mi.

"Kí ni wọ́n ń pe omi lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ yìí?"

"Mizu ni, Ìyá mi."

"Mizu." Ó pè é já gaara ju tèmi lọ. "Iná ńkọ́?"

"Hi."

"Ìyá ńkọ́?"

"Haha."

"Ìyá ló wá ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀?" Òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró, ó ń wò mí. Ó wò mí pẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ gbọ́ sí i ni, ni mo bá ka oókan dé ẹẹ́wàá fún un. Ó ní mo ṣeun, ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Ó ń retí kí n béèrè tirẹ̀ ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ń pe omi nílé yín?" Ìbéèrè kan péré. Òmùgọ̀ ọmọ ni mí. Ìwé wà lọ́wọ́ mi, bírò wà létí mi, èdè ẹni tí n kò rí rí ni mò ń kọ sílẹ̀.

Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Àwọn dókítà ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ní ká máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Ọjọ́ mélòó kan ni kò fi lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ wá là, Yorùbá kọ́ ló jáde. Gbogbo Yorùbá tó fi tọ́ wa, tó fi nájà, tó fi bá wa jà, kò ku ẹyọ kan. Èdè tó gbé wá láti ilé rẹ̀ ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ geerege, bí ẹni tó ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ wa. A gbé omi wá, ó ta á nù. A gbé ẹ̀kọ mímu wá, a da aṣọ bò ó, a ká aṣọ kúrò lára rẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ ohun tó ń fẹ́. Bàbá mi bá a sọ Haúsá, ìyá mi ń wò ó bí àlejò. Ó wá bú sẹ́kún, èmi náà lọ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún tèmi.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi, mo wá ọmọ Tápà lọ. Ìdímù ni mo ti rí ọ̀kan, bàbá kan tó ń ta ẹní. Inú rẹ̀ dùn pé òun ní ẹ̀gbọ́n nítòsí, ó sì bá mi wá kíá. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó lóṣòó ti ìyá mi, ó kí i ní Tápà. Ìyá mi tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ gan-an, ó ń fi ọwọ́ kan tó ṣẹ́ kù fún un júwe. Ọkùnrin náà na etí sílẹ̀. Ó tún un kí. Ó mi orí.

"Ọ̀gá, èyí kì í ṣe Tápà o."

"Kì í ṣe Tápà báwo? Tápà ni ìyá mi."

"Ta ló sọ fún yín?"

Mo yíjú sí ìyá mi.

"Ẹ̀yin Yorùbá ṣá," ó ní, "ẹni tó bá ti òdìkejì Ọya wá, tí kì í sì í ṣe Haúsá, Tápà lẹ máa ń pè é jàre. Èdè pọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn òkè kan báyìí, èdè kan ni. Mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí ìyá yìí ń sọ."

"Èdè wo wá ni?"

"Ọlọ́run ló mọ̀."

Ó gbàdúrà fún un, ó sì lọ. Mo bá bàbá mi lórí bẹ́ńṣì níta.

"Bàbá, ìlú wo ni Ìyá mi ti wá?"

"Jẹ́bà ni mo ti pàdé ẹ̀. Ìyá oníyọ̀ kan ló wò ó dàgbà níbẹ̀. Ó ti gbọ́ Yorùbá nígbà yẹn."

"Ìlú tiwọn gan-an ni mò ń béèrè. Èdè wọn."

Ó wo ilẹ̀. "Mi ò bi í." Nígbà tó yá, ó tún ní, "Ó sọ ọ́ nígbà kan, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un délé. Ó ní òun kì í ṣe Tápà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi í rẹ́rìn-ín. Kò sọ ọ́ mọ́."

Ká ní kì í ṣe bàbá mi ni, ọ̀rọ̀ tí ǹ bá sọ sí i lọ́jọ́ náà ò ní ṣeé kó. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi jẹun lọ́wọ́ obìnrin yìí. Mo mọ ohun tí àwọn ará Jàpáàn ń pe abẹ́rẹ́, mo mọ ohun tí wọ́n ń pe òjò àti ọkọ̀ ojú irin. Èmi náà ò bi í. Mo ń fi gbígbọ́ èdè púpọ̀ yangàn káàkiri Ìkòtún, nígbà tí ìyá mi ò rí ẹni kan bá sọ̀rọ̀ nínú ilé tí ó bímọ sí. Mo jókòó ti bàbá mi lórí bẹ́ńṣì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, èmi ni mo ń jókòó tì í. Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi fi ọwọ́ kan náà di ọrùn ọwọ́ mi mú, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, ó mọ̀ mí. Ó bi mí ní nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ìbéèrè ni, torí ó sọ ọ́ tán, ó dákẹ́, ó ń wo ẹnu mi. Ó tún un bi mí, ọ̀rọ̀ kan náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Dá a lóhùn," bàbá mi ní. "Má jẹ́ kó máa retí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi," mo ní. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo mi orí sókè sílẹ̀ fún un kí ó lè yé e. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi, ó kọjú sí ògiri, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú ní ọjọ́ Jímọ̀.

N kò mọ ohun tó bi mí. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kí n sọ.