Ṣọ́ọ̀kì Tí Kò Ní Kútẹ́ẹ̀sì

Inú yàrá onígíláàsì ni mò ń jókòó sí nílé iṣẹ́ tó ń ta mọ́tò tuntun ní Sùúrùlérè. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa pe àwọn oníbàárà, kí n máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn padà wá sí gáréèjì wa. Tí àtúnṣe ọ̀fẹ́ bá ti tán báyìí, wọ́n ti gba Pápá Àjàó lọ nìyẹn, lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n máa ń bí mi nínú. A fún wọn ní afẹ́fẹ́ tútù, a fún wọn ní tíì, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n fẹ́ lọ dúró sí.

Màmá kan ní Yábàá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló là mí lójú. Ó ní, "Ọmọ mi, mẹkáníìkì mi máa ń kó ohun tó bá tú lára ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Bébà lẹ máa ń fún mi."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá. Gáréèjì ti dá páropáro nígbà náà, ọ̀gá sì ti sọ pé bí kò bá kún kí ọdún tó parí, òun máa tì í pa. Ó gbà. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí a bá tú, a ó wé e, a ó kó o fún ẹni tó ni ín. Màmá padà wá, ó sì kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wá, àwọn ìyá tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣépè fún mẹkáníìkì. Gáréèjì kún. Mo wá ń yan fanda káàkiri ọgbà.

Lọ́jọ́ kan, a pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú ọkọ̀ Màmá, irin tó máa ń gba jìgìjìgì ọ̀nà mọ́ra. A pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ẹ̀yìn gáréèjì, ẹni tó ń ra irin àlòkù ti kó ti àtijọ́ lọ. Màmá ti jókòó, ó ń retí. Ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ojú ló tì mí, èmi tí mo fẹnu ara mi ṣèlérí. Mo yọ òmíràn tó jọ ọ́ nínú pàǹtí, mo wé e sínú ìwé ìròyìn, mo gbé e fún un. Ó ṣàdúrà fún mi, mo ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti dé kí a tó ṣílẹ̀kùn. Ó tú ìwé ìròyìn náà sórí tábìlì mi.

"Kútẹ́ẹ̀sì mi dà?"

Àṣé látìgbà tó ti ń lọ sí Pápá Àjàó ló ti máa ń fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tí wọ́n fi ń kun èékánná sàmì sí gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi tẹlòmíràn rọ́pò wọn. Ìdọ̀tí nìkan ló wà lára èyí tó wà níwájú mi.

Mo sáré bẹ̀ ẹ́. "Ẹ má bínú, mà. Mo fi Ọlọ́run búra, a ṣéńjì ẹ̀. Ẹ wá wò ó."

Mẹkáníìkì tó ṣe iṣẹ́ náà tú táyà. Ṣọ́ọ̀kì tuntun ń dán. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Mo rí i. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe dáadáa, kí ló dé tó o fi irọ́ tì í lẹ́yìn?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni.

"Èyí tẹ́ ẹ wé fún àwọn ẹgbẹ́ mi ńkọ́? Wọn ò fi kútẹ́ẹ̀sì sí tiwọn o."

Kò pariwo. Ó wù mí kó bú mi. Ó ní kí n bá òun dá irin náà padà fún ẹni tó ni ín, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Láàárín oṣù kan, kò sí ìkankan nínú àwọn ìyá ọ̀hún tó ń gbé ìpè mi mọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ọ̀gá ti gáréèjì pa. Mẹkáníìkì yẹn kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì, ó wá dágbére fún mi. Mo dìde.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa o."

Mo ní mo mọ̀.