Ẹni Tó Ni Ọjọ́rú

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Accra, lẹ́bàá Cow Lane, a kì í dúpẹ́ lápapọ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó bá kẹ́yìn oṣù, ọjọ́ tí wọ́n bí kálukú ló fi ń jó lọ síwájú pẹpẹ: àwọn ọmọ ọjọ́ Àìkú á kọ́kọ́ jáde, àwọn ọmọ ọjọ́ Ajé á tẹ̀lé wọn, títí dé Àbámẹ́ta. Àṣà àwọn ọmọ ilẹ̀ Ghana ni. Wọn kì í gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, torí òun náà ni wọ́n fi ń sọ wọ́n lórúkọ. Àwa Yorùbá yá àṣà yìí lò, ìgbà tí a yá a tán la wá rí i pé ọ̀pọ̀ àgbà ìjọ ni kò mọ ọjọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n àgbà ìjọ kì í sọ pé òun ò mọ nǹkan. Kálukú yan èyí tó wù ú. Gbogbo ẹni tó ní kóòtù ló di ọmọ ọjọ́ Àìkú, nítorí pé ọjọ́ Olúwa ni. Àwọn oníṣòwò kó ara wọn sínú ọjọ́ Ajé, wọn kò sì tijú. Ẹni tó ń bá ẹbí rẹ̀ ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ mú Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú nìkan ni kò rí ẹni yàn án. Wọ́n ti sọ fún wa láti ilé pé kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn ń dáwọ́ lé ohun rere, ta ló wá fẹ́ sọ níwájú pẹpẹ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí òun?

Ìyá mi, tó ń ta ọṣẹ àti aṣọ lọ́jà, nìkan ló sọ òtítọ́. Ó ní ọjọ́ ọjà ìlú àwọn ni wọ́n bí òun. Ọrọọrún ni wọ́n sì ń ná ọjà náà: bó bá bọ́ sí Ajé, Ẹtì ló tún kàn. Olùkọ́ ìjọ ní kó lọ rò ó dáadáa. Ó rò ó. Nígbà tí oṣù mìíràn parí, ọjọ́ méjèèje ló jó. Mo bi í léèrè nílé pé irú kí nìyẹn.

“Ọ̀kan ṣáà jẹ́ tèmi nínú wọn,” ló wí. “Àwọn yòókù, mò ń bá ẹni tó ni wọ́n jó wọn ni.”

Yunifásítì ni mo wà nígbà náà, mo sì ti kàwé débi tí ìyá mi fi ń tì mí lójú. Bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn ni mo máa ń jókòó sí, màá ká apá mọ́ra bí ẹni tí ìjọba rán wá ṣàyẹ̀wò. Mo lè ṣàlàyé fún ọ, láti inú ìwé mẹ́ta, ìdí tí ọmọ aráyé fi ń jó fún Ọlọ́run. Jíjó gan-an ló ṣòro. Ìyá mi sì ń jó bí ẹni tí èèyàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé.

Lẹ́yìn fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, obìnrin Fante, ọmọ Ghana, ti ń se kẹ́ńkẹ́ tà. Ẹ̀kọ àgbàdo kíkan ni kẹ́ńkẹ́. Èèyàn ní láti máa ro ó lórí iná kó tó pọ́n ọn, bí ó bá kúrò nídìí rẹ̀, ó bàjẹ́. Ìyá Oníkẹ́ńkẹ́ ń gbọ́ gbogbo orin wa láti ibẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ìyá mi fi ń pè é wọlé. Kò wàásù fún un rí, yóò kàn ra kẹ́ńkẹ́, yóò ní, “Ọ̀la ńkọ́?” Òun náà yóò ní, “Alátà, ta ni yóò wo ìkòkò mi?” Alátà ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ata là ń tà, ìbáà jẹ́ aṣọ.

Rédíò wá sọ̀rọ̀. Àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi ti ń gbé Accra kí wọ́n tó bí mi. Ìwé kan ṣoṣo tó ní orúkọ rẹ̀ lára ni káàdì ìjọ, ó sì ní kí n mú un lọ fi han ìjọba. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín. A bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Mo rò pé ọjà tó ń fi sílẹ̀ ló ń bà á lọ́kàn jẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó lé ẹrù aṣọ, ó ní, “Ọdún mẹ́wàá ni mo fi pe oníkẹ́ńkẹ́ yẹn. Ọjọ́ Ìsinmi kan ló kù. Kí ni màá sọ fún Ọlọ́run?”

Mo ní Ọlọ́run náà á ti gbọ́ rédíò. Ó bi mí bóyá ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní yunifásítì nìyẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kù yẹn ló kẹ́yìn oṣù. Ìjọ kò kún ìdajì. Àwọn ọmọ ọjọ́ Àìkú tó ní kóòtù ti ṣáájú wa lọ, onílù ti gbé ìlù rẹ̀ lọ. Olùkọ́ ìjọ ní kí a fo ijó ọpẹ́, pé a kò pọ̀ tó. Ìyá mi dìde, ó fi pẹ̀lẹ́ sọ pé àwa ni wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò fún Ọlọ́run.

Ni wọ́n bá ń pe ọjọ́, a sì ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n pe Àìkú, ó jó. Wọ́n pe Ajé, ó jó. Nígbà tó jó Ìṣẹ́gun tán, ó di bẹ́ńṣì mú, ó sì jókòó. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ló fi ń di ẹrù. Orúnkún rẹ̀ kò gbà mọ́. Olùkọ́ ìjọ pe Ọjọ́rú. Ẹnikẹ́ni kò jáde. Ó tún pè é. Ìyá mi gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde. Ó yẹ kí n lọ bá a. Mo ń wá ìdí tí n kò fi ní lọ, mo sì ń rí i, nígbà tí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn mi ṣí.

Ìyá Oníkẹ́ńkẹ́ ni, ìyẹ̀fun títí dé ìgbọ̀nwọ́, ọmọrogùn lọ́wọ́. Èmi ni mo sún mọ́ ilẹ̀kùn jù. Ó ki ọmọrogùn bọ̀ mí lọ́wọ́.

“Akọ̀wé, lọ ro kẹ́ńkẹ́ mi.”

Ó rìn lọ tààrà sọ́dọ̀ ìyá mi, ó na ọwọ́ sí i. “Alátà, ọjọ́ mi ni wọ́n ń pè yẹn. O ti bá mi jó o tó.”

“Mo kàn ń bá ọ tọ́jú ẹ̀ ni,” ni ìyá mi wí.

Èmi ọ̀mọ̀wé jáde sínú oòrùn, mo dúró ti ìkòkò. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí wọn: ọ̀kan ti ọ̀kan lẹ́yìn, orúnkún tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ti gbà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin méjì. Ẹsẹ̀ mi ń ṣe ohun tí n kò rán an. Kẹ́ńkẹ́ lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, n kò mọ̀ títí ó fi ń rùn.

Ọjọ́ kejì la bá lọ́rì lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹnìkan tó ti ibẹ̀ dé wá kí wa ní Ìbàdàn. Ó ní Ìyá Oníkẹ́ńkẹ́ kò kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́, ọjọ́ méjèèje ló sì ń jó. Bí wọ́n bá bi í léèrè, yóò ní Ọjọ́rú ni tòun, ẹni tó ni ìyókù ti rìnrìn àjò.

Ìyá mi béèrè ẹni tó ń ro kẹ́ńkẹ́ rẹ̀ báyìí. Àlejò wa kò mọ̀. Mo ní ẹni yòówù kó jẹ́, á mọ̀ ọ́n rò jù mí lọ.