Ẹran Tí Bàbá Kò Pa

Ìdájí ni mo kúrò ní Ìjerò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Ọdẹ ti Èrìò, ló ránṣẹ́ sí èmi olùkọ́: "Wá sọ orúkọ ẹran yìí fún mi kí n tó kú." Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kan ni, ó ti di òkúta, eyín sì wà lára rẹ̀. Bàbá hú u nílẹ̀ Ìgbò nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà lọ́hùn-ún, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri pẹ̀lú àgbárí àwọn ẹran tó pa. Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi han olùkọ́ mi ní yunifásítì, òun ló sì bá mi dá a mọ̀. Òkúta olówó iyebíye ni wọ́n ń wà ní Ìjerò tiwa. Òkúta eléyín ni mo ń lọ wò.

Ọkọ̀ wa gba Ìkọ̀rọ̀, ó ń rọra wọ kòtò bí aboyún. Ní Arámọkọ mo ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà. Ó wọ́n ju ti ọjà wa lọ, ṣùgbọ́n ó dẹ̀ dáadáa. Ọ̀kadà ló gbé mi dé Èrìò, láàárín oko kòkó.

"Ṣé ilé bàbá tó pa ẹran abàmì lẹ ń lọ?" ọlọ́kadà bi mí. Òkìkí ti kàn!

Ní Ìjerò, a óò kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà àlejò. Ní Èrìò, iyán ni wọ́n fi kí mi. Mi ò tíì fọwọ́ tán tí Bàbá fi béèrè.

"Àbẹ̀kẹ́, kí ló ń jẹ́?"

"Àbùùbùtán ni, Bàbá, ẹran ràbàtà inú òkun. Ti ayé ijọ́un ni, kí ènìyàn tó wà rárá. Ó lẹ́sẹ̀ nígbà náà, a máa gòkè odò bí ọ̀nì. Òkun ló bo ibi tẹ́ ẹ ti rí i láyé ìgbà náà. Irú rẹ̀ ti run."

Ògúndélé ọmọ rẹ̀ fò dìde. "Ẹ má sọ ọ́ síta o! Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Bàbá ló pa á."

Nílé wọn, bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fọwọ́ kan àgbárí wọ̀nyí, wọ́n á máa ka ẹran tó pa lójú òkú rẹ̀. Ohun tó ń ba Bàbá lẹ́rù nìyẹn.

"Bí wọ́n bá fọwọ́ kan èyí ńkọ́, níwájú Ògún?" ni Bàbá wí. "Kì í ṣe uṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ń retí kí ẹnìkan bi mí. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ó gun àga láti gbé egungun náà sọ̀kalẹ̀. Ògúndélé kọ́kọ́ yíjú sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó di àga náà mú. Omijé bọ́ lójú mi.

"Gbé e lọ," ni Bàbá wí. "Kó kúrò ní ulé mi. Èyí tí mo pa tó mi."

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí mo fi padà dé Ìjerò. Mo rò pé mo lọ kọ́ Bàbá ní nǹkan ni. Òun ló kọ́ mi bí àgbà ṣe ń palẹ̀ mọ́. Mo gbé egungun náà sórí tábìlì ní kíláàsì mi, mo sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀: "Àbùùbùtán ayé ijọ́un. Ọdẹ kan ní Èrìò ló rí i. Kò pa á."