Bí Mo Ṣe Gbé Aṣọ Ẹtù fún Ọmọ Aránṣọ Ará Hungary

Ẹni tó bá sọ fún yín pé orúkọ kì í purọ́, ẹ bi í bóyá ó ti gbé aṣọ fún ará Hungary rán rí. Èmi ti gbé e fún wọn. Ẹnu èmi fúnra mi ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ ọ, nítorí ọkọ mi máa ń bu mọ́ ọn tó bá ń sọ ọ́ fún àlejò, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò nílò àbùmọ́ kankan.

Nígbà yẹn iṣẹ́ pọ̀ ní Dublin débi pé àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ ju àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ. Clonsilla ni à ń gbé, èmi àti ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa kékeré. Mulhuddart ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú ilé ìkẹ́rù kan tí a ti ń di ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sínú páálí. Ọdún kejì mi níbẹ̀ ni àwọn ará Hungary ya dé. Ọ̀gá wa, ọmọ Ireland kan tí kò tíì pe orúkọ tèmi bó ṣe yẹ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, ló wá ń pe orúkọ wọn láràárọ̀. Ká ní ẹ rí i! Á wo ìwé, á wo òkè, á wúkọ́, á wá pe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò ní dáhùn. Inú mi á máa dùn ṣìnkìn. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé, “Ẹ̀san rèé.”

Obìnrin kan nínú wọn ni wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a jọ sinmi, ó bu tíì fún mi, ọwọ́ òsì ló sì fi nà án sí mi. Ọwọ́ òsì! Mo wo ife, mo wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín. Mi ò gbà á. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó tún fi ọwọ́ òsì kan náà ti ṣúgà sí mi. Mo ní àwọn wọ̀nyí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bínú sí i tí kò mọ̀ pé mò ń bínú, ìyẹn gan-an tún wá ń bí mi nínú.

Orúkọ ló parí ìjà tí èmi nìkan ń jà yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá pe “Kis”, ọkùnrin gbàgùdù kan tó máa ń tẹ orí ba kó tó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì dáhùn. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Mo gbàgbé pé mò ń bínú, mo bi í pé kí ló dé. Ó fi gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń já jálajàla ṣàlàyé pé kékeré ni Kis túmọ̀ sí. Kékeré kẹ̀! Ó ní kí n dúró ná. Nagy ni ńlá, ẹni tó sì ń jẹ́ ẹ ni ọkùnrin kúkúrú tó ń gun orí páálí kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè tó iṣẹ́. Farkas ni ìkookò, òun ló máa ń sá fún ajá kékeré tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń sìn. Fekete ni dúdú. Irun Fekete funfun bí òwú, ojú rẹ̀ sì dà bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ. Mo lọ bá a, mo ní kó dá orúkọ mi padà fún mi. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ páálí ọwọ́ rẹ̀ nù.

Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi wá ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, lábúlé wọn, orúkọ ìjọ kan náà ni èèyàn mẹ́wàá máa ń jẹ́. Aládùúgbò ló wá ń yà wọ́n sọ́tọ̀: ti alágbẹ̀dẹ, ti ẹni tó ń lọ ọkà, ti ẹni tó ti ìlú àwọn ará Turkey wá. Ó mọ́ wọn lára, ó di orúkọ ìdílé, wọ́n sì máa ń pè é ṣáájú orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, àṣé bí ìyàwó ilé ṣe ń sọ ọmọ ọkọ lórúkọ ni! Èmi náà ṣáà ti sọ gbogbo ilé ọkọ mi lórúkọ. Adúmáadán wà níbẹ̀, Akọ̀wé wà níbẹ̀, Abúwó-lẹ́rìn-ín náà wà níbẹ̀, ẹni tó ń jẹun jù láàárín wọn ni mo sì sọ ní Ìkòkò-ò-gbófo. Ká ní Hungary ni wọ́n bí wọn sí, ìdílé Ìkòkò-ò-gbófo ìbá ti pọ̀ káàkiri báyìí.

Ó bi mí pé ti bàbá mi ń kọ́? Mo ní orúkọ ilé wa, Ògún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí alágbẹ̀dẹ ni àwọn bàbá ńlá wa. Ó ní, “Ìwọ náà mọ̀ ọ́n rọ?” Mo gbórí sókè. Mo ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Irọ́ gbuu! Gílóòbù tó bá jó nílé wa, ọkọ mi ló ń pààrọ̀ rẹ̀. Òun náà wá ní Szabó lòun ń jẹ́, aránṣọ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn la di ọ̀rẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá bá wa ṣọdún Iléyá. Ọdún mẹ́fà tí mo ti wọlé ọkọ, a kò tíì fojú rí ara wa ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ní ẹ̀ẹ̀kejì ni mo sì fetí ara mi gbọ́ tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, “Ọmọ náà dáa o, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan-án tọ́jú.” Mo jẹun lé ọ̀rọ̀ yẹn, mo sùn lé e, mo bí ọmọ lé e. Wàyí o, Ìyá fi aṣọ rán ẹnìkan sí mi ṣáájú, ẹtù gidi láti Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ká jọ ní gbọ́ọ̀rọ̀gbọ́ọ̀rọ̀ bó ṣe kúrò lórí òfì, tí télọ̀ ṣì máa so pọ̀. Wọ́n ní lórí fóònù, “Aṣọ ilé wa ni. Fi dá bùbá àti ìró, kí o sì wọ̀ ọ́ wá pàdé mi.” Mo mọ̀ pé ìdánwò ni. Bí mo bá ba aṣọ yìí jẹ́, mo di aláìmọ-nǹkan-tọ́jú títí ayé.

Télọ̀ Yorùbá tí mo mọ̀, Clondalkin ló wà. Mo gbé e lọ. Ó ní, “Ẹ wá ní Sátidé.” Ẹ̀yin náà mọ Sátidé télọ̀. Ní Sátidé kẹta, mo wọ bọ́ọ̀sì méjì dé ibẹ̀, mo bá ẹtù ìyá ọkọ mi bí mo ṣe dì í, ife tíì télọ̀ wà lórí rẹ̀. Lórí ẹtù! N kò ní tún gbogbo ohun tí mo sọ sọ, torí ọmọdé lè ka ìwé yìí. Ó ní kí n gbé aṣọ mi, kí n lọ wá télọ̀ mìíràn. Mo ní mo ti rí òmíràn. Irọ́ ni, n kò rí ẹnì kankan. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí Ìyá dé. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti lu orí mi. Ọmọ aránṣọ ṣáà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láràárọ̀, mo wá ń ná owó ọkọ̀ lọ Clondalkin!

Nígbà tí mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Èmi?” Mo ní ta tún ni? Mo sọ fún un pé nílé tiwa, ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í bẹ̀rù iná, ohun tí bàbá bá ṣe, ọwọ́ ọmọ á rántí. Mo yin orúkọ rẹ̀, mo yin bàbá rẹ̀, mo yin abẹ́rẹ́ bàbá bàbá rẹ̀. Mo ya bùbá sórí páálí fún un. Ó wo páálí náà títí, ó gba aṣọ, ó gbé e mọ́ àyà. Mo ní nínú ara mi pé, ẹ ò rí i, ẹ̀jẹ̀ ti ń ké pè é.

Láti ọjọ́ kejì ni àwọn báńdéèjì kékeré ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́wọ́ rẹ̀, lónìí ìka kan, lọ́la ìka méjì. Mo ní iṣẹ́ ń lọ. Tí mo bá bèèrè aṣọ, á ní, “Grand, grand,” bí àwọn ará Dublin ṣe ń sọ pé ó dáa, á sì yára bá páálí ẹlòmíràn lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí Ìyá ń bọ̀ gan-an ló gbé e wá sílé wa. Mo tú u. Mo pe Ọlọ́run. Ìró rí roboto bí agboòrùn, ọ̀rẹ́ mi ti ṣẹ́ ẹ léraléra káàkiri, bí àwọn ìyá rẹ̀ ní Hungary ṣe ń wọ yẹ̀rì lọ́jọ́ ọdún. Bùbá ló wá burú. Apá òsì mọ sí ìgbọ̀nwọ́. Apá ọ̀tún gùn kọjá ìka mi, ó ń fì dirodiro. Ọrùn rẹ̀ kò gba orí, àfìgbà tí ọkọ mi fi sísọ́ọ̀sì là á. Lẹ́yìn èyí ọkọ mi sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tilẹ̀kùn, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi wò mí yíká, ó ní, “Mam, where's your other hand?”

Mo kọjú sí ọ̀rẹ́ mi. Mo pariwo. Mo ní ṣebí òun ni ọmọ aránṣọ? Ó bú sẹ́kún. Ó ní Szabó kì í ṣe orúkọ ilé bàbá òun. Orúkọ ọkọ òun ni, ọkọ tí òun fi sílẹ̀ ní Hungary, torí lọ́dọ̀ tiwọn, obìnrin tó bá ti lọ́kọ, orúkọ ọkọ ló ń jẹ́. Mo ní kí ló dé tí kò sọ? Ó ní, “Inú rẹ dùn. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, inú ẹnì kankan kò dùn sí orúkọ mi rí.”

Èmi tí mo ń jẹ́ orúkọ ọkọ nínú ìwé iṣẹ́! Orúkọ ọkọ mi, Ọdẹ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí eku bá kọjá ní kíṣìnnì, orí àga lẹ máa bá mi. Obìnrin wo ni kò yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè pé orúkọ ta ni? Mo rọra bi í pé kí wá ni orúkọ ilé bàbá rẹ̀. Ó nu imú. Ó ní Balogh. Mo ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ó kàn na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ìka márààrún pẹ̀lú báńdéèjì. Ọlọ́wọ́ òsì! Tíì ọjọ́ àkọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, àti ìbínú ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú tì mí gidigidi. Mo fà á mọ́ra, àwa méjèèjì ń sunkún, apá bùbá gígùn yẹn la sì fi nu ojú.

Aṣọ mìíràn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí ọmọ mi ń pè ní press. Ṣùgbọ́n Ìyá ní kí n wọ ẹtù. Mo wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró ní pápákọ̀ òfúrufú, bí agboòrùn tó ní apá kan ààbọ̀, gbogbo Dublin ń wò mí.

Ìyá jáde. Mo kúnlẹ̀, ìró tàn káàkiri ilẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n yí mi po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún yí mi po. “Ta ló rán an?” Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè purọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, ti Szabó, ti Balogh, ti tíì. Mo ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Orúkọ ni mo gbójú lé.”

Ọkọ mi ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìyá wá jókòó lórí àpótí wọn.

“Ilé wo ni wọ́n ti bí mi?”

“Ilé ahunṣọ ni, Ìyá. Ní Ìsẹ́yìn.”

“Ta lo rò pé ó hun ẹtù yìí?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Mo rà á ni.” Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń jẹ́wọ́. “Láti kékeré ni wọ́n ti ń kì mí ní ọmọ ahunṣọ, mi ò jókòó nídìí òfì rí. Inú bàálù ni mo ti ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o bi mí bí mo ṣe hun ún. Mo ní ìyàwó yìí gbọ́n, yóò bi mí.”

Ìyàwó yìí gbọ́n, wọ́n ní! Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, ọmọ mi ní, “It's grand, Nana.”

A jáde. Atẹ́gùn Dublin gbá Ìyá lójú, ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, torí kò sẹ́ni tó rántí mú kóòtù wá. Èmi tó yẹ kó mọ nǹkan-án tọ́jú! Mo ti ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn, kí n tó rí i pé Ìyá ti ki ọwọ́ bọ inú apá bùbá mi tó gùn jù, wọ́n di ọwọ́ mi mú nínú ibẹ̀ ṣinṣin. Wọ́n ní, “Sọ fún ọlọ́wọ́ òsì yẹn pé apá yìí ló dáa jù.” Wọn kò sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí a fi dé ìdí ọkọ̀.