Òrí Ìpara Lórí Fùfú

Oúnjẹ ni Afua Dwomoh ń yà ní àwòrán ní ìlú Kumasi, kì í ya ènìyàn. "Ènìyàn á ní kí n bu ẹwà kún òun," ló máa ń wí. "Ẹran kì í bẹ̀ mí."

Iṣẹ́ ńlá tó kọ́kọ́ já lé e lọ́wọ́ ni ti Maame Akyaa, olóúnjẹ àdúgbò Bantama, tó fẹ́ gbé àwòrán fùfú rẹ̀ sórí pátákó gàgàrà lẹ́bàá títì. Bó bá dára, gbogbo olóúnjẹ àdúgbò á wá Afua wá. Bí kò bá dára, ó di ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ àbúrò ìyá rẹ̀.

Fùfú tiwọn, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gún pọ̀, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọbẹ̀ bá ti kàn án, ó rì, ẹran orí rẹ̀ a bá a rì. Afua dojú abọ́ kékeré kan délẹ̀ nínú àwo, ó gbé fùfú àti ẹran lé e, ó bu ọbẹ̀ sí i nídìí, ó yọ òrí ìpara tó ń ta sánsán nínú àpò, ó fi pa fùfú lára bí ọmọ tuntun. Ó dán débi pé ẹyẹ tó ń kọjá lókè yà, ó wo ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. N kò parọ́.

"Oúnjẹ lo fẹ́ yà ni àbí ìyàwó?" Maame Akyaa bi í.

"Ẹ sáà máa wò mí, Maame."

Bó ṣe gbé kámẹ́rà sójú ni Nana Nti, bàbá arúgbó àdúgbò, wọlé. Ẹni tó bá jókòó ti oúnjẹ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ẹni tó wọlé kó má pè é. Ẹnu Afua yá ju orí lọ: "Nana, ẹ wá bá wa jẹun."

Ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ á dúpẹ́, á kọjá. Nana Nti lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ebi ń pa ẹ̀kọ́ náà. Ó fọwọ́, ó jókòó.

Ta ní í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ pè? Gbígbé là ń gbé fùfú mì, a kì í rún un lẹ́nu; kí Afua tó rántí òrí, òkèlè mélòó kan ti sọ̀kalẹ̀. Bàbá dijú, ọbẹ̀ ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Afua rí i pé iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun, ló bá kúkú tẹ kámẹ́rà.

Ìka bàbá kan abọ́ tó wà lábẹ́ fùfú. "Akyaa, fùfú rẹ ti ń ní eegun báyìí?"

"Ẹ bi Afua ọmọ yín léèrè."

"Àmọ́ ó ń ta sánsán. Bí ìyá ìyá mi ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ oúnjẹ sè mọ́."

Maame Akyaa fi ìborùn bo ẹnu.

Nana Nti tó dijú ni wọ́n gbé sórí pátákó. Awakọ̀ ń dúró, ọ̀fun wọn ń dá tòló. Àwọn olóúnjẹ Bantama wá ń wọ́ tọ Afua, oníkálukú ní kó bá òun wá arúgbó tòun.

Ṣùgbọ́n bàbá kò jẹ fùfú mìíràn mọ́. Bí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á tì í sẹ́yìn: "Èyí kọ́ ni ti pátákó."

Maame Akyaa á wá figbe ta láti ìdí ìkòkò: "Afua, mú ìpara rẹ wá o, ọkọ ìyàwó ti dé."