Ìbò Tí A Dì Lórí Ìsinmi Abà Ọlọ́sàn

Ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí àwọn sójà fagi lé ìbò ààrẹ, Bódìjà là ń gbé, nínú ilé ilẹ̀ kan tí wọ́n gbin igi kéékèèké yí ká. Èkìtì ni wọ́n ti bí mi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi wá sí Ìbàdàn, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tí mo wà nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí pé ìjà wo ló le jù nínú gbogbo ìjà tí mo jà, mo mọ̀ pé ẹ ń retí ọjọ́ tí wọ́n yin tajútajú sí wa, tàbí ọjọ́ tí a sùn sí àtìmọ́lé. Kì í ṣe ìkankan nínú wọn. Ìbò tí a dì ní pálọ̀ ilé mi ni, tí mo fìdí rẹmi pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó fà á. Tí ènìyàn bá kọjá Akóbọ̀, tó sì ń lọ síwájú sí i, abà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Abà Ọlọ́sàn. Àwọn àgbẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀ láti ayé bàbá ńlá wọn. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ilẹ̀ tí yóò fi ṣe ọgbà ìgbafẹ́, ìjọba ológun sì gbé abà náà lé e lọ́wọ́. Katakata wó ilé, wọ́n lé àwọn ará ibẹ̀ láìfún wọn ní nǹkan kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbẹ́ adágún omi síbẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn ilé kéékèèké sí etí rẹ̀, wọ́n kó ọkọ̀ ojú omi wá, àwọn ọlọ́lá sì ń kó ìdílé wọn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi.

Ẹgbẹ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde fún àwọn ará abà. A já ewé tútù, a kọrin láti Agbowó dé Sẹkitéríàtì. Kò sí ohun tó tibẹ̀ yọ. La bá pinnu pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ọgbà náà títí wọn yóò fi fún àwọn ènìyàn yẹn ní ẹ̀tọ́ wọn. Èmi ni mo dìde sọ ọ́ níwájú àwọn obìnrin abà. Mo ní bí wọ́n bá gbọ́ pé mo débẹ̀ lọ gbafẹ́, kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀dàlẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ọkọ mi, Bàbá Fúnmi, ti ibi iṣẹ́ dé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ènìyàn pẹ̀lẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn tó ni ọgbà ìgbafẹ́ náà fún àwọn ọ̀gá ní ẹ̀ka àwọn ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́, àti ọmọ àti ìyàwó, títí kan ìyá rẹ̀ tó ń bá wa gbé. Wọ́n ti fi orúkọ wa sílẹ̀.

Mo ní, “Bàbá Fúnmi, ṣé ibi tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má lọ lẹ fẹ́ gbé mi lọ?”

“Mo mọ̀,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ọdún wo làwọn ọmọ yìí ti ń bẹ̀ wá pé ká gbé àwọn jáde? Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gba ìsinmi níléèwé, ìwọ ti wà nípàdé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí pé òótọ́ ni.

Ìlànà kan wà nílé wa tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti kan gbogbo ilé, ìbò la fi ń yanjú ẹ̀, ìbáà ṣe oúnjẹ ọdún, ìbáà ṣe ìgbà tí a ó máa pa tẹlifíṣọ̀n. Bí ìjọba ṣe ní kí aráàlú máa tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́ láyé ìgbà yẹn ni àwa náà ṣe ń ṣe é. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bá ta kora á dúró sí igun pálọ̀ méjèèjì, àwọn yòókù á tò sẹ́yìn ẹni tó wù wọ́n, ìyá ọkọ mi á ka orí. Ìyá ọkọ mi kì í dìbò ní tiwọn. Wọ́n ní àgbà tó ń ka ìbò kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé, Bàbá Fúnmi dúró lẹ́bàá fìríìjì. Tóbi, àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti sáré lọ bá bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó ní kí ìbò bẹ̀rẹ̀. Kúnlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tẹ̀lé e. Mo wá gbójú lé Fúnmi, àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó mọ gbogbo orin ẹgbẹ́ wa lórí. Ó wò mí, ó wolẹ̀, ó sì lọ tò sẹ́yìn Kúnlé. Ìyá ọkọ mi tún wá ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni pé wọ́n pọ̀. “Ẹni mẹ́ta síbí. Ọ̀hún ò lẹ́nì kan. Ìyàwó mi, pẹ̀lẹ́.” Mo ti dúró níwájú ìbọn rí, ojú ò tì mí tó báyẹn.

 Mò ń se oúnjẹ, mò ń bu oúnjẹ, ṣùgbọ́n mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Fúnmi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó pe gbogbo wa jọ, ó ní, “Èmi ni baálé ilé yìí. Mo fagi lé ìbò yẹn. A ò lọ mọ́.” Ọkàn mi balẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Láti ojú títì ni mo ti ń gbọ́ orin nígbà tí mò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti já ewé lára igi ọgbà wa, wọ́n ń yí ilé po, Fúnmi ń lé orin, àwọn àbúrò ẹ̀ ń gbè é. Abọ́ àárọ̀ wà nílẹ̀ láìfọ̀. Àwọn aládùúgbò ti yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

“Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?”

Fúnmi kúnlẹ̀ tewé-tewé lọ́wọ́. “Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì. A ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ìbò tí wọ́n bá ti kà tán, kò sẹ́ni tó láṣẹ láti fagi lé e.”

“Bàbá yín ló fagi lé e, kì í ṣe èmi.”

“Torí tiyín ni wọ́n ṣe fagi lé e, Mọ́mì. Ẹ ò sì bá wọn wí.”

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú mi. Inú mi dùn gan-an. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ní nǹkan rí, tí ọmọ ọ̀hún wá fi nǹkan náà bá a jà, tó sì dá a lápá, á mọ ohun tí mò ń sọ. Mo pe Bàbá Fúnmi jáde, mo ní kó dá ìbò àwọn ọmọ padà fún wọn.

Ó ku ojú tí n ó fi wo àwọn obìnrin abà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo mú Fúnmi dání, a lọ sí Agbowó, níbi tí Ìyá Àdùkẹ́ ti gba yàrá kan. Àwọn ni olórí àwọn obìnrin Abà Ọlọ́sàn, opó ni wọ́n, obìnrin gíga tí kì í gbóhùn sókè. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó bó ṣe rí: ìbò tí a dì, bí ọkọ mi ṣe fagi lé e, bí àwọn ọmọ ṣe dìde sí mi. Mò ń retí kí wọ́n pè mí ní orúkọ tí mo ní kí wọ́n máa pè mí. Ìbéèrè ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

“Ṣé ẹ máa dé etí omi yẹn?”

“A máa débẹ̀, Mà.”

“Ẹ bá mi kí Bàbá Àdùkẹ́.”

Fúnmi wò mí.  Ni Ìyá Àdùkẹ́ bá ń ṣàlàyé fún ọmọ náà, bí ẹni ń júwe ọ̀nà ọjà. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ni wọ́n sin ọkọ wọn sí, bí wọ́n ṣe ń sin baálé sínú ilé ara rẹ̀. Ilé ti wó, àmọ́ igi ọsàn kan wà létí omi tí wọn ò gé, ìdí rẹ̀ ni oórì wà, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Lọ́dọọdún, nígbà tí àyájọ́ ikú rẹ̀ bá pé, wọ́n á gbá ojú oórì náà mọ́, wọ́n á ṣe àdúà fún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé wọn kúrò, wọn ò gbá a mọ́. Wọ́n lọ dé ẹnu géètì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní àlejò nìkan ló ń wọlé. Nínú gbogbo ìpàdé tí a ti ń pariwo nítorí wọn, ilẹ̀ àti ọsàn là ń sọ, kò sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè òkú.

“Ìyá àgbà,” Fúnmi ní, “ṣé ẹ lè bá wa wọ mọ́tò?”

Mo ní kó panu mọ́. Ìyá Àdùkẹ́ ní kí n fi í sílẹ̀.

Nígbà tí a délé, Fúnmi fúnra rẹ̀ ló rò ó fún bàbá rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rù ba Bàbá Fúnmi. Bí wọ́n bá mọ ẹni tó gbé wọlé, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ tí yóò jà fún un. Ó jókòó, ó ń fọwọ́ pa àgbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ló dá a lóhùn. “Kí wọ́n gba ààyè mi. Èmi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ni mo fẹ́ lọ wò nínú omi?” Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé léèsì tí wọ́n fi ń ṣọdún jáde, wọ́n ní kí a lọ fún Ìyá Àdùkẹ́.

Nígbà tí a dé ẹnu géètì lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi yí gíláàsì mọ́tò sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti lé Ìyá Àdùkẹ́ rí ló tún wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí Ìyá Àdùkẹ́ jókòó sí láàárín Tóbi àti Kúnlé. Léèsì ò jẹ́ kó dá wọn mọ̀.

“Mama ńkọ́, Sà?”

“Ìyá wa ni,” ni Bàbá Fúnmi wí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹrí ba. “Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ ó gbádùn ara yín o.”

“Àmín,” Ìyá Àdùkẹ́ ní.

Igi ọsàn náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbin koríko sí ìdí rẹ̀, wọ́n gbé tábìlì lé e, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í, wọ́n ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìyá Àdùkẹ́ ró ìró àtijọ́ wọn lé orí léèsì, wọ́n yọ ìgbálẹ̀ nínú báàgì, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbálẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò tilẹ̀ wò wọ́n. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n lè gbá abẹ́ rẹ̀, ó ní, “Mama, ẹ kú iṣẹ́.” Inú bí mi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Fúnmi ló ṣáájú mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, Sà, oórì ọkọ wọn lẹ gbé tábìlì lé.”

Ọkùnrin náà dìde. Ó ṣí fìlà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé tábìlì kúrò, ìyàwó rẹ̀ kó ìgò. Wọn ò padà jókòó. Àwọn náà dúró tì wá.

Ìyá Àdùkẹ́ kúnlẹ̀. “Bàbá Àdùkẹ́, èmi ni. Mo pẹ́. Ẹ má bínú. Wọ́n ní àlejò ló ń wọlé, ni mo bá bá àlejò wọlé.” Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe àdúà, gbogbo wa sì ń ṣe àmín. Bàbá Fúnmi, tí mi ò rí kó sunkún láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ìgbà tí ó parí, Tóbi fà mí láṣọ. “Mọ́mì, ṣé mo lè wọ ọkọ̀ ojú omi báyìí?” Mo wo Ìyá Àdùkẹ́.

“Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́,” ni wọ́n wí. “Omi ò ṣẹ̀ wá.”

Ó wọ̀ ọ́ títí ó fi sú ẹni tó ń wà á. A tẹ́ ẹní, a jẹ ìrẹsì tí a gbé láti ilé, Ìyá Àdùkẹ́ ń fi ibi tí ojúlé kọ̀ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀ han Kúnlé. Mi ò gbádùn ìsinmi kankan tó ìyẹn rí láyé mi. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Fúnmi ní ká máa lọlé, òun ò lè sùn síbẹ̀. A ò dìbò. Gbogbo wa ń kó ẹrù.

Ẹgbẹ́ pè mí sí ìpàdé. Alága ní, “Ìyá Fúnmi, ẹ̀yin lẹ ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ mi. Wọn ò jẹ̀bi. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè bá akọ̀wé rẹ̀ wí, kò lè bá ìjọba wí. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ náà bá tún yọ lọ́la, n ó tún wọ mọ́tò yẹn.

Kí la rí gbà? Àwọn ará abà yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá àlejò wọlé, ìdílé yìí lónìí, òmíràn lọ́la, títí ó fi sú àwọn tó ni ọgbà. Wọ́n ṣe ọgbà yí àwọn oórì ká, wọ́n sì gbà kí àwọn olóòkú máa wá tọ́jú wọn. Ilẹ̀ ò padà. Ológun lọ, alágbádá dé, ẹ̀tọ́ àwọn ará abà ò tíì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ìyá Àdùkẹ́ ti kú. Kí wọ́n tó kú, wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn ni kí wọ́n sin àwọn sí. Àwọn tó ni ọgbà kọ̀. Wọ́n ní gbígbá ojú oórì ni àwọn fọwọ́ sí, àwọn ò fọwọ́ sí sínsìn. Òdìkejì ìlú ni wọ́n sin wọ́n sí. Bí àyájọ́ bá pé, Àdùkẹ́ á tọ́jú oórì ìyá rẹ̀ láàárọ̀, á wọ mọ́tò la gbogbo Ìbàdàn já, kó lè dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó ti géètì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwa ti darúgbó, ìjà tó kù di tiyín. Ẹ bá wa gbé ìyá náà lọ sọ́dọ̀ ọkọ wọn.