Ewé Etí Òkun Lóṣù Ààwẹ̀

N kò tíì fojú kan òkun rí nígbà tí mo pinnu pé èmi ni olùkọ́ wa máa mú lọ pín igi inú omi iyọ̀ sí ẹ̀yà-ẹ̀yà. Kofar Rini, lókè ọya tó jìnnà sí òkun, ni wọ́n bí mi sí. Ìlọrin tó jẹ́ ìlú bàbá mi gan-an, bí Iléyá bá dé la máa ń lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n lọ kọ́ nípa ràkúnmí. Inú bí mi, mo sì kàwé kún un.

Ẹnì kan ṣoṣo ni olùkọ́ wa, ọmọ Ìlàjẹ létí òkun, fẹ́ mú. Nínú oṣù ààwẹ̀ ló kó ewé tútù bọ̀ láti ìlú wọn, ó ní kí a yà wọ́n sọ́tọ̀: igi pupa, igi dúdú, igi funfun. Ti funfun kò le láti mọ̀, kókó kékeré méjì wà lọ́rùn ewé rẹ̀. Dúdú ló ń ta iyọ̀ sójú ewé, pupa kì í ta á. Àwọn yòókù fi ahọ́n kàn án, wọ́n tutọ́ dànù, wọ́n jókòó. Ìyá tó bí mi kì í tọ́ ọbẹ̀ wò bó bá ń gbààwẹ̀, imú ló fi ń mọ iyọ̀. Èmi náà kò ní tọ́ ewé wò.

Mo bu omi inú bùtà tí a fi ń ṣe àlùwàlá, mo fi fọ ewé kọ̀ọ̀kan sórí etí hìjáàbù mi dúdú, mo tẹ́ ẹ sóòrùn. Kò pẹ́ tó fi gbẹ. Gbogbo ojú ibi tí omi kán sí ló funfun, ti pupa, ti dúdú. Àṣé omi bọ́ọ̀hùlù wa tí mo bu náà ní nǹkan funfun tirẹ̀ nínú. Mo ra píọ̀ wọ́tà, mo mú ewé mìíràn, mo tún un ṣe ní etí kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú kan ṣoṣo ló funfun; ìyẹn ni ti dúdú.

Olùkọ́ wa bi mí pé kí ló pẹ́ tó báyìí.

Mo ní, “Mo ṣì í nígbà àkọ́kọ́, sà. Omi ni mo ṣì lò.”

Ó wo etí hìjáàbù mi méjèèjì. Ó ní, “Létí òkun, omi iyọ̀ máa ń ta sára gbogbo ewé. Ahọ́n ò ní ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ti mọ bí a ṣe ń wádìí ibi tí iyọ̀ ti wá. Ìwọ lò ń bá mi lọ.”

Ayọ̀ gbé mi délé. Bàbá mi bi mí bóyá mo lè lúwẹ̀ẹ́. Mo ní n kò lè lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n mò ń lọ.